Fọ́tò ogun Magdala 1868: èwo ni ojúlówó, kí la sì lè rí kà nínú wọn?

ÀpótíÀwòrán
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Fọ́tò méjì ló ń káàkiri WhatsApp, tí àwọn èèyàn sì ń jiyàn lé lórí. Nínú àkọ́kọ́, àwọn ṣọ́jà ń gun àpáta, èéfín ìbọn ń rú, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé fọ́tò àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ni, pé ìgbà tí wọ́n ń ya wọ Magdala ní Etiópíà lọ́dún 1868 ni. Nínú èkejì, ọmọkùnrin kékeré kan wà pẹ̀lú òyìnbó gíga kan tó wọ aṣọ ìbílẹ̀ Etiópíà. Wọ́n ní ojú ogun ni wọ́n ti yà á.

Ṣé wọ́n tiẹ̀ ya fọ́tò nígbà ogun yẹn? Báwo lèèyàn ṣe ń dá ojúlówó mọ̀? Ojú-ewé álíbọ́ọ̀mù kan sì wà tí a fẹ́ síkáàǹ, kí ni ká ṣọ́ra fún?

BabaÌtàn
Wọ́n ya fọ́tò níbẹ̀ dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ to ogun náà sílẹ̀, torí òun la ó fi máa yẹ àkọlé wò.

Ọba Tewodros Kejì ti Etiópíà kọ lẹ́tà sí Ọbabìnrin Victoria ní 1862, kò rí èsì gbà. Ní 1864 ó ti Cameron, aṣojú Ìlú Ọba, mọ́lé. Wọ́n rán Hormuzd Rassam lọ bẹ̀ ẹ́, ó mú òun náà mọ́ wọn. Ìlú Ọba wá gbé Sir Robert Napier dìde láti Bombay kó lọ tú wọn sílẹ̀: ọmọ ogun bíi 13,000, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Íńdíà, àwọn agbẹ́rù àti ìránṣẹ́ tó ju 20,000 lọ, àti ẹran tó ju 40,000, ìbaaka, ràkúnmí, màlúù, tó fi mọ́ erin 44 tó ń gbé ìbọn àgbá. Wọ́n gúnlẹ̀ sí Zula létí Òkun Pupa, wọ́n gba àfonífojì Kumayli gòkè dé Senafe, wọ́n kọjá Adigrat, Antalo àti adágún Ashangi, wọ́n dé orí òkè pẹrẹsẹ Wadela àti Dalanta, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí odò Bashilo, wọ́n tún wá gòkè lọ bá Magdala, ìlú olódi Tewodros lórí òkè, tó ga ju mítà 2,700 lọ. Gbogbo ọ̀nà náà ju kìlómítà 600 lọ.

Ẹ di déètì mẹ́ta mú. Ìjà Arogé, lórí pẹrẹsẹ ìsàlẹ̀ Magdala, jẹ́ ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin 1868, ọjọ́ Jímọ̀ Rere. Wọ́n ya wọ Magdala lọ́jọ́ 13, Ọjọ́ Ajé Àjíǹde, ọjọ́ náà ni Tewodros yìnbọn pa ara rẹ̀ kí wọ́n má bàa mú un láàyè. Ní ọjọ́ 17 wọ́n dáná sun ìlú òkè náà. Fọ́tò yòówù tí wọ́n bá yà láàárín Magdala tí òrùlé sì ṣì wà lórí ilé, ọjọ́ márùn-ún péré ló lè ti wá.

Àwọn tó yà wọ́n jẹ́ ṣọ́jà Royal Engineers, Ẹgbẹ́ Kẹwàá, Sájẹ́ǹtì Harrold ló ṣáájú wọn. Láti 1856 ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ẹnjiníà ológun ní fọ́tò yíyà ní Chatham. Iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí ẹ̀ kó wọn lọ gan-an ni ṣíṣe ẹ̀dà máàpù àti àwòrán ọ̀nà fún àwọn ọ̀gá tó ń lọ níwájú. Fọ́tò òkè, àgọ́ àti àwùjọ èèyàn ló wá tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí ọ̀nà, odò àti ibùdó fi pọ̀ nínú wọn ju ojú èèyàn lọ.

ÌyáDígí
Baba, ẹ kú iṣẹ́. Kí n mú un láti ibẹ̀ lọ sídìí iṣẹ́ fúnra rẹ̀, torí ibẹ̀ la ti máa mọ̀ pé fọ́tò ṣọ́jà tó ń gun àpáta nínú ìjà kò lè jẹ́ òtítọ́.

Ní 1868 dígí ni wọ́n ń ya fọ́tò sí, pẹ̀lú collodion tútù, ọ̀nà tí Frederick Scott Archer gbé jáde ní 1851. Ẹ wo bó ṣe ń lọ. Wọ́n á fi ìyẹ̀fun òkúta kíkúnná àti ọtí nu dígí títí á fi dán gbinrin. Ìka tó bá kàn án á hàn nínú àwòrán. Wọ́n á da collodion sí àárín rẹ̀: òwú tí wọ́n ti fi ásíìdì ṣe, tí wọ́n yọ́ sínú ether àti ọtí, tí wọ́n sì fi iyọ̀ iodide àti bromide sí. Wọ́n á rọra yí dígí náà kó ṣàn dé igun kìíní, ìkejì, ìkẹta, kí ìyókù sì gba igun ìkẹrin padà sínú ìgò. Bó bá ti ń dì bí awọ ẹ̀kọ, wọ́n á wọ inú àgọ́ dúdú, wọ́n á rì í sínú omi silver nitrate (bíi gíráàmù 70 sí 80 nínú lítà kan) fún ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Láti ibẹ̀, ó di inú àpótí pẹlẹbẹ tí ìmọ́lẹ̀ kì í wọ̀, ó di ìdí kámẹ́rà. Wọ́n á ṣí ìdérí lẹ́ǹsì, wọ́n á kà, wọ́n á dé e padà. Wọ́n á sáré padà sínú àgọ́, wọ́n á da omi iron sulphate tí acetic acid wà nínú rẹ̀ lé dígí náà lójú, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìdáwọ́ dúró. Àwòrán á jáde kí èèyàn tó ṣẹ́jú mélòó kan. Omi. Lẹ́yìn náà hypo tàbí potassium cyanide, tó jẹ́ májèlé, láti fọ ohun tó kù dànù. Omi púpọ̀ sí i. Wọ́n á yá dígí náà níná, wọ́n á fi vánííṣì bò ó.

Gbogbo èyí gbọ́dọ̀ parí kí awọ orí dígí náà tó gbẹ. Ní ojú ọjọ́ tútù wọ́n lè rí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nínú ooru Zula, ìdajì rẹ̀ gan-an ṣòroó rí.

Omi náà tún níṣòro. Omi mímu kò tó ní Zula, ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń se omi òkun kó lè di omi dídùn. Bí iyọ̀ òkun bá ti kan omi fàdákà, á funfun bíi wàrà lójú ẹsẹ̀, agbára rẹ̀ á sì dín kù. Lókè náà, ìṣòro mìíràn dé: ether máa ń hó ní nǹkan bí ìwọ̀n 35 Celsius létí òkun, ṣùgbọ́n níbi tó ga bíi Magdala, ó ń hó ní ìwọ̀n tó kéré sí ìyẹn, torí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́. Collodion á ki nínú ìgò lọ́sàn-án, kò sì ní fẹ́ ṣàn dáadáa mọ́ lórí dígí. Ilẹ̀ gbígbẹ tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìbaaka ti tẹ̀ sì ń rú eruku sókè ní gbogbo ìgbà.

Ẹ wá wo ìjà Arogé: ìrọ̀lẹ́ ló bẹ̀rẹ̀, òjò àti àrá sì rọ̀ lé e lórí. Kámẹ́rà tó nílò ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan nínú oòrùn gangan, kí ló fẹ́ rí yà níbẹ̀?

Ọ̀dọ́Òkèbàdàn
Ẹ̀yin àgbà, mo dọ̀bálẹ̀. Kí ló dé tí ojú ọ̀run fi máa ń funfun bíi bébà nínú àwọn fọ́tò yìí, láìsí ìkùukùu kankan? Kí sì ló dé tí ẹṣin kan fi ní orí méjì nínú ọ̀kan tí mo rí?

ÌyáDígí
Dìde, ọmọ mi. Collodion kì í rí àwọ̀ bí ojú wa ṣe ń rí i. Àwọ̀ búlúù àti èlésè àlùkò ló ń tètè gbà. Pupa, yẹ́lò àti àwọ̀ ewé kò fi bẹ́ẹ̀ kàn án. Ojú ọ̀run tó búlúù ti jó dígí náà kọjá kí àpáta tó yọ, nítorí náà ó di funfun gbòò lórí bébà. Ilẹ̀ pupa á ṣókùnkùn ju bó ṣe yẹ lọ, awọ ara èèyàn pàápàá á dúdú ju bó ṣe rí lójú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi fọ́tò yìí pinnu bí àwọ̀ ara ẹni tàbí aṣọ ẹni ṣe rí.

Ti ẹṣin yẹn: ó dúró, ó yí orí, ó tún dúró, nígbà tí ojú lẹ́ǹsì ṣì wà ní ṣíṣí. Àsíá tó ń fẹ́ á dà bí èéfín. Ẹni tó rìn kọjá á di òjìji, tàbí kó má tilẹ̀ hàn rárá. Bí ẹ bá rí ibùdó ńlá tó dà bíi pé kò sẹ́ni níbẹ̀, ẹ má gbà pé ó ṣófo.

Lẹ́ǹsìMẹ́wàá
Ọ̀rọ̀ dídá ojúlówó mọ̀ ni tèmi. Ẹ wá lẹ́ǹsì kékeré tí àwọn oníṣẹ́ wúrà ń lò, tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po mẹ́wàá, kí ẹ sì gbé fọ́tò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ bọ́ sí i lójú.

Bí ẹ bá rí àmì kéékèèké tótòtó tó tò lẹ́sẹẹsẹ, ìwé ni wọ́n ti gé e, kì í ṣe fọ́tò. Ìtẹ̀wé olótòtó kò wọ́pọ̀ ṣáájú òpin ọ̀rúndún yẹn. Bí ẹ bá rí ìlà, tí òjìji jẹ́ ìlà tó gbá ara wọn kọjá, iṣẹ́ àwọn tó ń fín pákó fún ìwé ìròyìn ni. Bó bá jẹ́ àwọ̀ dúdú àti eérú tó mọ́, tí ojú bébà dán gbọọrọ tí ẹ kò rí okùn bébà, tí etí rẹ̀ sì ń kọ mọ̀nà bíi fàdákà, ẹ̀dà ìgbà ẹ̀yìn lórí bébà gelatin ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwòrán inú rẹ̀ lè jẹ́ ti 1868.

Bébà albumen ni ojúlówó ti ìgbà náà. Funfun ẹyin àti iyọ̀ ni wọ́n fi ń pa bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lójú, wọ́n á tẹ́ ẹ lé omi silver nitrate, wọ́n á gbé e sábẹ́ dígí, wọ́n á sì gbé e sóòrùn títí àwòrán á fi jáde fúnra rẹ̀, kí wọ́n tó fi omi wúrà tọ́jú àwọ̀ rẹ̀. Nítorí náà: àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ búráùn tó ń fà sí èlésè àlùkò, ibi tó yẹ kó funfun ti pọ́n bí tíì, okùn bébà hàn lábẹ́ lẹ́ǹsì, ojú rẹ̀ lè ti là wẹ́wẹ́, ó sì máa ń ká bí ewé bí kò bá lẹ̀ mọ́ káàdì. Bí dígí bá ṣe tóbi ni fọ́tò á ṣe tóbi, torí wọn kì í sọ ọ́ di ńlá.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo etí àti igun. Igun kan lè wà tí collodion kò dé, níbi tí oníṣẹ́ fi ọwọ́ mú dígí. Lódìkejì rẹ̀, ẹ lè rí ìlà ṣíṣàn níbi tó ti dà á padà sínú ìgò. Àmì kékeré tó ní ìrù bí ìràwọ̀ tó ń já, eruku ló dá a. Àbàwọ́n tó dà bí ìkarahun létí, àpótí dígí tó dọ̀tí ló fà á. Àwọn tó ń ṣe ayédèrú sábà máa ń fi àwọn àmì yìí sí àárín gbùngbùn, níbi tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ wà.

Mo ṣí fọ́tò àkọ́kọ́ tí ÀpótíÀwòrán gbé wá, mo fẹ̀ ẹ́ lójú. Ìlà ni látòkè délẹ̀. Èéfín ìbọn náà ní ìlà yípo yípo, apá òkè àpáta ní ìlà tó gbá ara wọn. Àwòrán ìwé ìròyìn tí ẹnì kan kùn ní búráùn ni. Kì í ṣe irọ́ pátápátá, torí Illustrated London News rán ayàwòrán William Simpson lọ sí ogun yẹn, ṣùgbọ́n fọ́tò kọ́.

BabaÌtàn
Mo fi ọwọ́ sí i. Kí n fi ti ìbọn àti aṣọ kún un. Snider ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbé lọ: ìdérí ihò ọta rẹ̀ ń ṣí sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, òòlù rẹ̀ sì hàn lóde. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ogun Íńdíà ṣì ń lo ìbọn tí wọ́n ń ki ọta sí láti ẹnu. Bí ẹ bá rí ìbọn tí kò ní òòlù lóde, tó ní irin gígùn lábẹ́ tí wọ́n ń fà sílẹ̀, Martini-Henry ni, 1871 ni wọ́n gbà á wọlé. Fọ́tò náà kò lè jẹ́ ti Magdala. Khaki sì ni wọ́n wọ̀. Àwọn ẹ̀dà tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà kùn ní aṣọ pupa, ẹ má gbà wọ́n gbọ́.

Ọmọkùnrin inú fọ́tò kejì ni Alemayehu, ọmọ Tewodros, ọmọ ọdún méje. Òyìnbó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni Captain Speedy, tó gbọ́ èdè Amharic, tí wọ́n fi ọmọ náà sí lọ́wọ́. Ojúlówó ni fọ́tò náà, àkọlé ló ṣì. Julia Margaret Cameron ló yà á, ní erékùṣù Wight ní Ìlú Ọba, lẹ́yìn tí wọ́n ti kó ọmọ náà kọjá òkun lọ́dún 1868 yẹn kan náà. Ẹ wo ẹ̀yìn wọn: kò sí òkè, kò sí àgọ́. Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan ló wà, ojú àwòrán sì rọ̀, bí ayàfọ́tò obìnrin yìí ṣe ń ṣe é. Kò bá ìṣe àwọn ẹnjiníà mu, torí tiwọn máa ń mú ṣámúṣámú kí wọ́n lè ka gbogbo òkúta ojú ọ̀nà.

Ìyá ọmọ náà, Tiruwork, kú lójú ọ̀nà nígbà tí ogun ń padà lọ, ní oṣù Karùn-ún. Alemayehu kú ní Leeds ní 1879, ọmọ ọdún 18, Windsor ni wọ́n sin ín sí. Etiópíà ti ń bẹ̀bẹ̀ fún egungun rẹ̀. Ní 2023, ààfin Ìlú Ọba tún kọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pín fọ́tò yẹn, kó jọ̀wọ́ kọ orúkọ ọmọ náà sí i kó tó kọ ti Speedy.

ỌmọAdúláwọ̀
Ẹ̀yin àgbà, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan bí 700 ọmọ Etiópíà ló kú ní Arogé, àwọn tó fara gbọgbẹ́ lé ní 1,000. Ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 20 tó fara gbọgbẹ́, méjì ló kú nínú wọn. Nínú àwọn fọ́tò náà, òkè ló wà, àgọ́ ló wà, àwọn ọ̀gá jókòó lórí àga. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n fi fọ́tò bo ẹ̀jẹ̀ mọ́lẹ̀ ni? Kí ló wá dé tí a fi ń kẹ́ wọn?

BabaÌtàn
Ìbínú rẹ tọ́. Ìdí méjì ló wà tí ikú kò fi sí níbẹ̀. Ọ̀kan ni ohun tí ÌyáDígí sọ nípa collodion. Èkejì kò sí lọ́wọ́ kẹ́míkà: òkú kì í mira, wọ́n ì bá rí i yà bí wọ́n bá fẹ́. Àwọn ayàfọ́tò ti ya òkú ní ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ní 1862. Ẹni tó gbé kámẹ́rà ní Magdala jẹ́ ṣọ́jà, ọ̀gá rẹ̀ ló sì ń sọ ohun tó máa yà.

Bí wọ́n ṣe kó ẹrù Magdala lẹ́yìn ìjà náà kò hàn nínú wọn. Richard Holmes ti British Museum bá ogun náà lọ láti ra nǹkan fún ilé náà. Wọ́n ko ẹrù lé erin 15 àti ìbaaka bíi 200, wọ́n sì ṣe gbàǹjo rẹ̀ lórí pẹrẹsẹ Dalanta lọ́jọ́ 20 àti 21 oṣù Kẹrin: ìwé mímọ́ aláwọ, adé, àgbélébùú, aṣọ. Holmes fi àwòrán Jésù tí wọ́n ń pè ní Kwer'ata Re'esu pamọ́ fún ara rẹ̀. Irun Tewodros tí wọ́n gé, ọdún 2019 ni National Army Museum ní London tó dá a padà. Ẹ fi wé Benin ní 1897. Nígbà yẹn dígí gbígbẹ àti fíìmù ti dé, àwọn ọ̀gá ológun ní kámẹ́rà tiwọn, ìdí nìyẹn tí a fi ní fọ́tò tí wọ́n jókòó sáàárín idẹ àti eyín erin tí wọ́n kó jọ nínú àgbàlá ọba.

ÌyáDígí
Èmi á fi èyí kún un, ọmọ mi. Ẹ wo etí àwọn fọ́tò náà ju àárín lọ. Nínú àwọn tó fi ibùdó hàn, ní ìsàlẹ̀, lẹ́bàá okùn àgọ́, àwọn atọ́jú ìbaaka, àwọn apọnmi àti àwọn ará ibẹ̀ tó ń ta koríko máa ń wà níbẹ̀, òmíràn ti di òjìji torí kò sẹ́ni tó sọ fún un kó dúró jẹ́ẹ́. Ẹni tí wọ́n bá ní kó dúró, òun ni wọ́n fẹ́ yà. Àwọn yòókù ni iṣẹ́ ogun náà wà lọ́rùn wọn. Bí ẹ bá ń kọ àkọlé, ẹ fi àkọlé àtijọ́ sínú àmì àyọlò bó ṣe wà, ìbáà burú, kí ẹ sì kọ tiyín sábẹ́ rẹ̀: iye èèyàn tó wà níbẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, ibi tí wọ́n dúró sí.

Lẹ́ǹsìMẹ́wàá
Síkáàǹ wá kù. Ẹ má ṣe yọ fọ́tò kúrò lára káàdì rẹ̀, kí ẹ má sì fi agbára tẹ́ èyí tó ti ká. Albumen á là. Ẹ síkáàǹ ojú-ewé lódindi, lẹ́yìn náà fọ́tò kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ẹ̀yìn rẹ̀, torí ẹ̀yìn ni òǹtẹ̀ àti ìkọ̀wé pẹ́ńsù wà. Kí ó jẹ́ ní àwọ̀, kì í ṣe dúdú-àti-funfun, torí àwọ̀ pípọ́n náà jẹ́ ẹ̀rí. 600 dpi (iye àmì nínú íǹṣì kan) ó kéré tán, irú fáìlì TIFF, 16-bit bí ẹ̀rọ yín bá lè ṣe é. Ẹ pa gbogbo ohun tó ń tún àwòrán ṣe fúnra rẹ̀, pàápàá èyí tó ń yọ eruku: àmì eruku 1868 ló máa kọ́kọ́ nù. Ẹ fi rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Bí álíbọ́ọ̀mù kò bá ṣeé ṣí gbalaja, ẹ má dì í mọ́ dígí síkáànà. Ẹ gbé e lé ìrọ̀rí kó ṣí ní ìdajì, ẹ fi fóònù tàbí kámẹ́rà yà á láti òkè gangan, kí iná méjì wà ní ọ̀tún àti òsì ní ìdagẹ̀rẹ̀ 45. Fìláàṣì rárá.

ÀpótíÀwòrán
Ẹ ṣeun gan-an ni. Lẹ́yìn síkáàǹ, ibo ni ká fi álíbọ́ọ̀mù náà sí? Èkó la wà, ọ̀rinrin pọ̀.

Lẹ́ǹsìMẹ́wàá
Ẹ má fi sára ògiri tó kọjú síta, ẹ má sì fi sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àpótí páálí tí kò ní ásíìdì, pẹ̀lú àpò silica gel tí ẹ ó máa pààrọ̀ bí àwọ̀ rẹ̀ bá ti yí. Ọ̀rinrin tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ ló ń ba albumen jẹ́ jù, torí náà yàrá tí ẹ ń tan ẹ̀rọ amúlétutù lálẹ́ tí ẹ sì ń pa lọ́sàn-án burú ju yàrá tí kò ní in rárá. Ẹ má lo nálọ̀ọ̀nù olóòórùn, ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ ohunkóhun. Bó bá ti ń bu, ẹ yà á sọ́tọ̀ kí ó má ran ìyókù, ẹ jẹ́ kó gbẹ níbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí láìsí oòrùn, kí ẹ má sì fi omi kàn án.

BabaÌtàn
Fún ẹni tó bá fẹ́ fi tiyín wé àwọn tó wà ní British Library àti National Army Museum lórí íntánẹ́ẹ̀tì: àkọtọ́ ìgbà náà ni kí ẹ fi wá a. "Abyssinia" ni wọ́n kọ, kì í ṣe Etiópíà. "Theodore" fún Tewodros. "Zoulla" fún Zula. "Arogee" tàbí "Arogie" fún Arogé. "Beshilo" fún Bashilo. Lẹ́yìn tí ẹ bá rí èyí tó jọ ọ́, ẹ yẹ àbàwọ́n igun wọn wò. Bí àbàwọ́n méjèèjì bá wà lójú ibi kan náà, dígí kan ṣoṣo ni wọ́n ti wá, àkọlé tí ilé ìkówèésí kọ sí tiwọn á sì ran tiyín lọ́wọ́.